Ta Ló Ń Bá Àwọn Ọmọ Wa Làjà Lórí Fóònù?

Kò sí mítíìnì PTA tá a máa ṣe tí ọ̀rọ̀ fóònù ò ní jẹ yọ. Bàbá kan á dìde, á ní àwọn ọmọ ò kàwé mọ́. Ìyá kan á ní òun á pe ọmọ òun títí láti kíṣìn, kò ní dáhùn, Instagram ló ń wò. Alfa tó ń kọ́ wọn ní IRS á ní TikTok ti kó ìwà burúkú ràn wọ́n. Gbogbo wa á máa mi orí, a ó ní kí òbí máa gba fóònù lọ́wọ́ wọn, a ó gbàdúrà, a ó sì tú ká. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn níbẹ̀ o, torí òótọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú nǹkan tí wọ́n ń sọ. Àmọ́ èmi tí mo ń kọ́ ọmọ SS nílé ìwé girama kan ní Ìlọrin yìí, tí mo sì ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nílé tèmi náà, kì í ṣe wákàtí tí wọ́n ń lò nídìí fóònù ló ń kó ìdààmú bá mi jù. Ìjà wọn ni. Ibi tí wọ́n ti ń jà, bí àwọn tó ń wòran ṣe pọ̀ tó, àti bí kò ṣe sí àgbà kankan nítòsí tó máa sọ pé ó tó.

Òmù-Àrán ni mo dàgbà sí, nínú agboolé tí àwọn ìyàwó ilé pọ̀ sí, tí ọmọ ò sì níye. A máa ń jà gan-an. Torí ẹran, torí ẹni tó kàn láti pọnmi, torí pé ẹnì kan fi orúkọ ìyá ẹnì kejì ṣeré. Ṣùgbọ́n ìjà yẹn kì í pẹ́ kí àgbàlagbà kan tó yọjú, ó lè jẹ́ ìyá tó ń fẹ́ná nídìí ààrò, ó lè jẹ́ bàbá kan tó kàn ń kọjá lọ sóko tí kò tiẹ̀ mọ orúkọ wa, á kọ́kọ́ jágbe mọ́ wa, á wá ní kí ẹnì kan sọ tiẹ̀ kí ẹnì kejì panu mọ́, tí tẹni àkọ́kọ́ bá parí á ní ó yá, ìwọ náà sọ tìẹ. Lẹ́yìn náà á dá ẹjọ́. Ẹjọ́ yẹn ò kí ń fi gbogbo ìgbà dáa, àwọn àgbà míì ń ṣègbè, a sì mọ̀. Síbẹ̀ ẹjọ́ yẹn ló ń parí ìjà. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́, wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí á bọ ara wa lọ́wọ́, kó tó di alẹ́ a ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Ìjà náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àwọn tó ń wò ó, ó ní ẹni tó là á, ó sì ní òpin.

Ẹ wá gbọ́ tàwọn ọmọ ìsinsìnyí. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan wà ní SS2 tí wọn kì í ya ara wọn, tó o bá rí ọ̀kan, èkejì ò jìnnà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan ń ṣe wòlímọ̀ ìgbéyàwó ní Òkèlélé, àwọn ọ̀rẹ́ sì mú aṣọ áńkóò. Èkejì ò rówó áńkóò yẹn san, nǹkan ò rọrùn nílé wọn lásìkò yẹn, ó wọ aṣọ míì lọ, ó bá wọn ṣeré, ó bá wọn pín jọ̀lọ́ọ̀fù, ó bá wọn ya fọ́tò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbé fọ́tò sí sítátọ́ọ̀sì, ó ti gé tiẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, bóyá torí kí áńkóò lè bára mu nínú fọ́tò ni, òun nìkan ló mọ̀. Èyí tí wọ́n gé kúrò rí i. Kò pè é. Kò kọ̀wé sí i. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ ọ̀rọ̀ sí sítátọ́ọ̀sì tiẹ̀, ó ń pòwe mọ́ ọn láìdárúkọ, pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé aṣọ ni wọ́n fi ń yan ọ̀rẹ́. Ẹnì kẹta ya sikirínṣọ́ọ̀tù ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n ń pòwe mọ́. Kó tó di ọ̀gànjọ́ òru ọ̀rọ̀ ti dé gúrúùpù tí wọ́n jọ wà, wọ́n ti ń fi fọ́ìsì bú ara wọn, wọ́n ti dárúkọ iṣẹ́ tí bàbá ọ̀kan ń ṣe, wọ́n ti dárúkọ gbèsè tí ìyá ọ̀kan jẹ nínú ọjà Ìpàtà, àwọn tí ò mọ nǹkan kan nípa wòlímọ̀ ti ń fi ẹ̀rín síbẹ̀.

Láàárọ̀, àwọn méjèèjì wà ní asẹ́ńbílì. Wọ́n kọrin, wọ́n ní "Ẹ káàárọ̀ mà." Kò sí ohun tó hàn lójú wọn. Ìgbà tí ọ̀kan ò wá sílé ìwé mọ́ la tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè.

Mo lọ bá ìyá ọmọ yẹn nílé. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi, ó ní, "Mo wà níbẹ̀ mà. Orí ẹní kan náà la jọ wà lóru ọjọ́ yẹn. Mo rò pé ìwé ló ń kà." Ẹ wò ó, ìyá tó bí ọmọ, tó sùn ti ọmọ, wọ́n ń bú u àti ọmọ ẹ̀ níbẹ̀ gan-an, kò gbọ́ ohùn kankan. Tó bá jẹ́ pé ìta ni wọ́n ti ń bú wọn ni, kò ní í jẹ́ kó pé ìṣẹ́jú kan kó tó jáde. Wọ́n máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà o. Àwọn ọmọ ló ti kó lọ síbòmíì.

Ó yẹ ká mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ òbí tí mo ń bá sọ̀rọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ lásán làwọn ọmọ ń kọ síra wọn. November 2014 ni WhatsApp gbé máàkì búlúù méjì yẹn dé, tó ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ẹni tóun kọ̀wé sí ti kà á. Lójú èmi àti ẹ̀yin kò ju pé wọ́n ti rí i lọ, tí kò bá dáhùn, a ó ní bóyá ó ń wakọ̀, bóyá ó wà lọ́jà. Lójú ọmọ ọdún márùndínlógún tó ń bẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀, máàkì búlúù tí ìdáhùn ò tẹ̀ lé, ìyẹn ni pé ó rí ẹ̀bẹ̀ mi, ó sì kọ̀ ọ́. Nígbà tó di February 2017, wọ́n gbé sítátọ́ọ̀sì dé bó ṣe wà báyìí, fọ́tò tàbí fídíò tá a bá fi síbẹ̀ á wà fún wákàtí 24, ẹni tó fi síbẹ̀ á sì máa rí orúkọ àwọn tó ti wò ó. Àwọn ọmọ mi ní kíláàsì máa ń wo orúkọ yẹn lẹ́yọ lẹ́yọ. Wọ́n mọ ẹni tó wò ó tí kò sọ nǹkan kan. Lágboolé tiwa, ẹni tó ń wòran ìjà náà ló máa là á, tàbí kó sáré lọ pe ẹni tó lè là á. Ẹni tó ń wòran lórí sítátọ́ọ̀sì kò là á, kò sì lọ pe ẹnì kankan, orúkọ ẹ̀ kàn wà níbẹ̀ ni, ẹni tí wọ́n bú á wá máa kà wọ́n mọ́ ọ̀tá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti sikirínṣọ́ọ̀tù ló burú jù. Ọdún 2017 yẹn náà ni wọ́n fún wa láàyè láti dìlíìtì ọ̀rọ̀ tá a ti fi ránṣẹ́ kó pa rẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti ya fọ́tò ẹ̀ pa mọ́ ti pa á mọ́ nìyẹn, àti pé WhatsApp á tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti dìlíìtì ọ̀rọ̀ kan, àwọn tí ò rí i á wá máa bèèrè pé kí ló kọ, kí ló kọ. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tọ́mọ sọ nínú ìbínú, tó sì kábàámọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n lè gbé e jáde ní SS3, wọ́n lè gbé e jáde nígbà tó bá wọ yunifásítì ní Táńkè. Èébú tí àwa bú ara wa lọ́mọdé, ta ló rántí ẹ̀? Ìgbàgbé yẹn wà lára ohun tó jẹ́ ká lè padà di ọ̀rẹ́.

Báwo ni fóònù tiẹ̀ ṣe dọ́wọ́ wọn? Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, fóònù kan ni odidi ilé ń lò, àwọn ará àdúgbò á tún máa wá gba ìpè lórí ẹ̀. Ó ṣì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí ọmọ girama tó ní tiẹ̀. Lójú tèmi, kòrónà ló já okùn ẹ̀. March 2020 tí wọ́n ti ilé ìwé pa, àwa tíṣà la sọ fún òbí pé ẹ wá fóònù fún wọn, orí WhatsApp la ó ti máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Àwọn òbí tí ò ní tún lọ yáwó, wọ́n lọ ra alòkù ní Challenge. A padà sí kíláàsì, iṣẹ́ tí fóònù wà fún ti parí, fóònù ò padà sọ́wọ́ òbí. Kò sẹ́ni tó jókòó ti ọmọ pé wò ó, báyìí la ṣe ń bára ẹni sọ̀rọ̀ níbí, báyìí la ṣe ń bẹ̀bẹ̀, báyìí la ṣe ń dákẹ́. A kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kúnlẹ̀ kí àgbà, bí wọ́n ṣe máa fi ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan, ti ibi tí wọ́n ti ń lo ìdajì ayé wọn la ò kọ́ wọn.

Ohun míì tún wà tí mi ò gbọ́ kẹ́nikẹ́ni sọ ní PTA. Nígbà tá a wà ní kékeré, táwọn àgbà bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹbí, wọ́n á ní ẹ lọ ṣeré níta. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ogún, ọ̀rọ̀ ìyàwó tó kó jáde, etí wa kì í tó o. Ní báyìí a ti fi àwọn ọmọ sínú gúrúùpù ẹbí. A fi wọ́n síbẹ̀ kí bùrọ̀dá tó wà ní Kánádà lè kí wọn kú oríire JAMB, kí ìyá àgbà ní Àjàṣẹ́-Ìpo lè fi fọ́ìsì ṣàdúrà fún wọn lọ́jọ́ ìbí, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ọmọ mi mọ àwọn ẹbí tí èmi gan-an ò mọ̀ nígbà tí mo wà níwọ̀n ọjọ́ orí ẹ̀. Àmọ́ inú gúrúùpù yẹn náà làwọn àgbà ti ń jà. Mo mọ ẹbí kan tó jẹ́ pé orí owó ìsìnkú ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ta ló dá iye báyìí, ta ni ò dá kọ́bọ̀, àǹtí tó wà l'Ékòó fi fọ́ìsì gígùn bú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n náà dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu ọkùnrin tó ti ní ọmọ ọmọ, ó wá jáde kúrò nínú gúrúùpù. Gbogbo ìgbà yẹn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ọ. Òun náà wà ní kíláàsì mi. Nígbà tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní aáwọ̀, ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ṣe gẹ́lẹ́ ló ṣe, ó bú wọn, ó jáde, ó búlọ́ọ̀kù gbogbo wọn. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní èyí. Ó ní, "Mà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nílé wa."

Tẹ́lẹ̀, ojú àgbà ni ìjà ọmọdé ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn ọmọdé ni ìjà àgbà ń ṣẹlẹ̀. Fóònù ti yí méjèèjì po.

Àwa tíṣà náà ńkọ́? Mo ti rí sítátọ́ọ̀sì tíṣà tó ya fọ́tò ìwé ìdánwò ọmọ tó gba òdo, ó fi ẹ̀rín sí i, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Orúkọ ọmọ ò sí níbẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ ọmọ tó ni ìwé mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀, àwọn tó jókòó tì í náà mọ̀ ọ́n, lọ́jọ́ kejì gbogbo kíláàsì ti gbọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò ní na ọwọ́ sókè mọ́ láéláé. Àwọn ọmọ náà ń gbẹ̀san o. Wọ́n á fi fóònù sábẹ́ dẹ́sìkì, wọ́n á ká ohùn tíṣà tó ṣi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè, wọ́n á gbé e sórí TikTok pẹ̀lú orin. Ojú ti ọ̀kan nínú àwọn tíṣà wa débi pé kò lè wo ojú ọmọ mọ́ tó bá ń kọ́ wọn, orí bọ́ọ̀dù ló ń kọjú sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, mo sì sọ ọ́ fún àwọn tíṣà ní sítáfúrúùmù pé nǹkan kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń ṣe, ẹ gbé àṣìṣe ẹnì kejì lọ síbi tí kò lè ti gbẹnu ara ẹ̀ sọ.

Àti pé mi ò fẹ́ fo èyí: tíṣà kò gbọ́dọ̀ máa bá ọmọ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ lóru lórí fóònù. Bó ti wù kó dáa tó lọ́kàn ẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn ò lè la ẹnu ní kíláàsì, tí wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀," mo sì mọ iyì ẹ̀, ọmọ tó ń sọ fún ẹ pé wọ́n ń lù ú nílé kò ní sọ ọ́ ní asẹ́ńbílì. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa dáhùn pé mo ti gbọ́, pé òun àti èmi àti kánsẹ́lọ̀ máa jókòó lọ́la láago báyìí. Èyí tó bá jẹ́ pé ewu wà lóru ọjọ́ náà, màá pe àgbà kan tó sún mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní mo le jù. Àmọ́ ọkùnrin tó ń fi "báwo ni ọmọ dáadáa" ránṣẹ́ sí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní aago mọ́kànlá òru, ẹnì kankan ò lè rí i níbi tó wà yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi le.

Àwọn ìjọba níbòmíì ti ń wá nǹkan ṣe sí i. Ní 2023, Vivek Murthy tó jẹ́ ọ̀gá dókítà fún ìjọba Amẹ́ríkà nígbà yẹn gbé ìwé ìkìlọ̀ jáde, ó ní àwọn ọmọ tó ń lò ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́ lórí sósà mídíà, ewu ìsoríkọ́ àti àníyàn tó wà fún wọn jẹ́ ìlọ́po méjì. Ọsirélíà ní tiwọn ṣòfin ní November 2024 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì lórí Facebook, Instagram, TikTok, Snapchat, X, YouTube àtàwọn míì bẹ́ẹ̀, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní December 10, 2025. Àwọn iléeṣẹ́ ni wọ́n máa bu owó ìtanràn fún, tó lè tó mílíọ̀nù 49.5 dọ́là tiwọn, wọn ò ní fìyà jẹ ọmọ tàbí òbí. Mo fara mọ́ apá yẹn dáadáa, torí ẹni tó ń jèrè ló yẹ kó sanwó. Ọdún 13 tí àwọn iléeṣẹ́ yìí fúnra wọn ti ń kọ látọjọ́ yìí pé ọmọ lè bẹ̀rẹ̀, òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ṣe ní 1998 ló ti wá, òfin yẹn sì ń sọ̀rọ̀ nípa gbígba ìsọfúnni ọmọdé láìgba àṣẹ òbí ni, kì í ṣe pé ẹnì kan wádìí ẹ̀ pé ọmọ ọdún 13 ti gbọ́n tó láti jà lójú gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, WhatsApp ò sí nínú òfin Ọsirélíà yẹn. Wọ́n yọ àwọn tó wà fún ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kúrò. Orí WhatsApp gan-an sì ni tiwa ti ń ṣẹlẹ̀, torí òun ni dátà rẹ̀ kì í pọ̀, òun ni gbogbo wa jọ wà lórí ẹ̀, láti ọmọ JSS dé ìmáàmù. Tí wọ́n bá gbé òfin yẹn wá sí Kwara lọ́la bó ṣe wà, áńkóò wòlímọ̀ á ṣì dá ìjà sílẹ̀, àwọn ọmọ á ṣì máa bú ara wọn lábẹ́ ìbora. Òfin lè ti ilẹ̀kùn. Kò lè là wọ́n níjà.

Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ní ká kó gbogbo fóònù jù sínú odò Àsà. Ọmọkùnrin kan wà ní SS1 tí jẹ́nótáìpù ẹ̀ jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn sickle cell. Tí àìsàn ẹ̀ bá dé, ó lè pẹ́ gan-an lọ́sibítù. Tó bá jẹ́ ìgbà tiwa ni, ẹni tó bá pẹ́ báyẹn nílé ìwòsàn, tó bá padà dé kíláàsì, á dà bí àlejò, gbogbo àwàdà tí wọ́n ń dá, kò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ń ya fọ́tò bọ́ọ̀dù fún un, wọ́n ń fi fọ́ìsì kà á fún un ní Yorùbá Ìlọrin tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, wọ́n ń sọ ohun tí tíṣà Máàtì ṣe lónìí fún un, tí ìrora bá ń dà á láàmú lóru, ẹnì kan á máa bá a sọ̀rọ̀ títí oorun á fi gbé e. Ìyá ẹ̀ ló sọ fún mi, omi sì bọ́ lójú ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ tó ń ṣe èyí wà lára àwọn tó fi ẹ̀rín sí ọ̀rọ̀ áńkóò yẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé àwọn ọmọ yìí ti bàjẹ́. Wọn ò bàjẹ́. Kò sí àgbà níbẹ̀ ni.

Báwo la ṣe wá parí ti áńkóò? Kò rọrùn, onílàjà ní í fara gbọgbẹ́, èmi náà gba tèmi níbẹ̀. Ohun tí àwọn kan fẹ́ ká ṣe ni pé ká gba fóònù àwọn méjèèjì, ká ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sókè níwájú tíṣà. Mo ní rárá. Wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ yẹn sójú ayé lẹ́ẹ̀kan, ẹ fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún wa lágboolé, kí ọ̀kan sọ tiẹ̀ kí èkejì dákẹ́. Àwọn ọmọ yìí ò lè dákẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn dópin, ẹnì kan á ti já lu ọ̀rọ̀, torí lórí fóònù kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kan. Mo jẹ́ kí àwọn ìyá méjèèjì wà níbẹ̀. Mo pe ẹnì kẹta tó ya sikirínṣọ́ọ̀tù náà wá, inú bí i, ó ní òun ò bú ẹnikẹ́ni. Mo ní òótọ́ ni, o ò bú ẹnikẹ́ni, àmọ́ ìwọ lo gbé èébú látilé kan dé ilé kejì.

Nígbà tó kan ẹ̀bẹ̀, ọmọ tó gé fọ́tò ní kò burú, òun máa bẹ ọ̀rẹ́ òun, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ìyá èkejì ló wá ní rárá o. Ó ní èébú wọn ò mọ sínú yàrá yìí, kí ló dé tí ẹ̀bẹ̀ máa mọ síbẹ̀? Ó ní lágboolé tiwọn ní Ọ̀fà, ibi tí wọ́n bá ti bú èèyàn ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa dákẹ́, torí ohun tó sọ jinlẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo ti rò lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹnu kò pé sítátọ́ọ̀sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, sítátọ́ọ̀sì ni wọ́n máa parí ẹ̀ sí. Àwọn méjèèjì ya fọ́tò kan níbẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù, kálukú gbé e sí tiẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti parí ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré mọ́. Wọ́n tún bẹ gúrúùpù náà.

Wọn ò padà dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń ya ìwé lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó pọ̀ mọ́. Èyí tí kò wá sílé ìwé ti padà, ó sì ń ṣe dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa gbèsè ìyá ẹ̀ ni kò kúrò, ẹ̀bẹ̀ kan ò sì lè mú ọjà gbàgbé ẹ̀.

Látìgbà yẹn, ohun tá a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní kíláàsì tèmi ò pọ̀. WhatsApp ti ń jẹ́ kí ádímìn ti gúrúùpù kó jẹ́ pé òun nìkan ló lè kọ̀wé síbẹ̀ láti 2018, nítorí náà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ mo máa ń ti gúrúùpù kíláàsì wa, àárọ̀ ni mo máa ń ṣí i. Kì í ṣe kí n lè máa ṣọ́ wọn, ìbínú tó bá sùn di àárọ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀ ni. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn lè bá mi ní bíréèkì lábẹ́ igi dógóyárò, òun àti ẹni tí wọ́n jọ ní aáwọ̀, kò sí pé màá kọ orúkọ ẹnikẹ́ni fún prínsípà. Mo sì ti sọ fún àwọn òbí pé tí ọmọ bá dákẹ́ lójijì lórí ẹní, kí wọ́n má ṣe já fóònù gbà, kí wọ́n bi í pé, "Ta ni ẹ jọ ń jà?" Àwọn kan ní ọmọ ò ní dáhùn. Àwọn kan ní ọmọ dáhùn, ó sì ya àwọn gan-an lẹ́nu.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Mà, a ní gúrúùpù míì tí ẹ ò sí níbẹ̀ o." Mo ní mo mọ̀. Mi ò bèèrè orúkọ ẹ̀, mi ò sì ní kí wọ́n fi mí síbẹ̀, gbogbo ọmọ ló ń fẹ́ ibi tí àgbà ò ti ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àwa náà ní tiwa lẹ́yìn ilé. Mo kàn bi í pé tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ta ló máa wá pe èmi. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun máa bi àwọn tó kù.